Bí ojú ilẹ̀ pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ kí ó darí ẹni tí ó ń yan ikọ̀ fantasy

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Adó-Èkìtì àti Ìkẹ́rẹ́ ló mọ fantasy bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dunjú, ìyẹn eré tí ènìyàn ti ń yan àwọn eléré gidi sínú ikọ̀ tirẹ̀, tí ó sì ń gba àmì bí wọ́n bá ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọjá sí ti kíríkẹ́ẹ̀tì, orúkọ àwọn gbajúmọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ilẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n wò ná. Ilẹ̀ tóóró àárín pápá, tí wọ́n ń pè ní pitch, tí ó gùn ní yáàdì 22 tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń ta lórí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi igi dúró dè é.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á sì fi rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí amọ̀ àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì ṣe ń le tí ó sì ń sán nínú oòrùn ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Bí koríko tútù àti ọ̀rinrin bá wà lára rẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa yà sọ́tùn-ún sósì, èyí sì ni ọjọ́ àwọn tí ń sáré ju bọ́ọ̀lù, pàápàá nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ tuntun. Bí ó bá gbẹ tí ó sì sán, àwọn tí ń fi ìka tàbí ọrùn ọwọ́ lọ́ bọ́ọ̀lù ni kí o yàn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sábà máa ń rí ní Chennai. Bí ó bá le tí ó tẹ́jú, àwọn tí ń fi igi gbá ni yóò jayé.

Àkókò náà ń yí ilẹ̀ padà. Nínú ìdíje Test ọlọ́jọ́ márùn-ún, ilẹ̀ tí ó dára lọ́jọ́ kìn-ín-ní lè ti fọ́ kí ó tó di ọjọ́ karùn-ún, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ balógun tí ó bá jẹ owó ẹyọ tí wọ́n jù fi máa ń yàn láti kọ́kọ́ fi igi gbá. Nínú T20 alẹ́, ìyẹn ẹ̀yà kúkúrú tí ó máa ń parí láàárín wákàtí mélòó kan, ìrì ni kí a máa ṣọ́. Ìdíje IPL, líìgì T20 ti Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago 7:30 alẹ́ ní Íńdíà, aago 3:00 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí oòrùn ṣì ń mú ní Adó, ìrì lè ti máa sẹ̀ ní Mumbai, tí bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń lọ́ ọ, tí iṣẹ́ á sì rọrùn fún ikọ̀ tí ó gbá ṣìkejì. Nítorí náà, má ṣe ti ikọ̀ rẹ pa kí wọ́n tó ju owó, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìdíje.

Ìdíje àgbáyé T20 ti oṣù kẹfà ọdún 2024 ní New York ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ tí wọ́n gbìn sí Florida tí wọ́n sì kó wá síbẹ̀ ń ta bọ́ọ̀lù sókè sódò láìròtẹ́lẹ̀: Sri Lanka kò rí ju ayò 77 lọ níwájú Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà sì gbá ayò 119 péré, síbẹ̀ wọ́n borí Pakistan. Jasprit Bumrah, ajùbọ́ọ̀lù Íńdíà, mú wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni pé ó lé agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta jáde, ayò 14 péré ni wọ́n sì rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ajùbọ́ọ̀lù ṣe balógun ikọ̀ fantasy rẹ̀ níbẹ̀ ṣe dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré fantasy máa ń sọ àmì balógun di ìlọ́po méjì.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kì í dá ṣe é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lórí pápá kan náà ní Èkó, Nàìjíríà gbá ayò 271, Côte d'Ivoire sì rí 7 péré. Agbára ikọ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe amọ̀. Bí ikọ̀ méjèèjì bá jọra ni kí o jẹ́ kí ilẹ̀ pinnu, bí ilẹ̀ náà bá sì ṣòro láti kà, kó àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n tún ń fi igi gbá dáadáa, méjì tàbí mẹ́ta, kí o sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe igbákejì balógun.