Bẹ́ ẹ ṣe lè sùn ní bothy lórí òkè Scotland

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù tówó hòtẹ́ẹ̀lì ti sú, ẹ gbọ́ o. Bothy ni wọ́n ń pè é, ilé òkúta kékeré láàárín aginjù, wọn kì í tì í pa, ẹnì kankan ò ní gbowó lọ́wọ́ yín, àmọ́ kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, kò sí bẹ́ẹ̀dì.

Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, Staoineag ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wọ rélùwéè ní Glasgow, èyí tó ń lọ Fort William, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Corrour, ibùdó tí títì ìjọba ò dé rárá. Ẹsẹ̀ ló kù. Ẹ gba ẹ̀bá adágún Loch Treig, kẹ́ ẹ wá máa tẹ̀ lé odò Abhainn Rath, àmọ́ tódò bá kún ẹ má là á kọjá o, ẹ padà sílé, òjò ló lé yín, ẹ kì í ṣe ojo.

Ẹrù ńkọ́? Sleeping bag tó nípọn, máàpù oníbébà torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí, sítóòfù gáàsì kékeré, èédú tẹ́ ẹ máa fi dáná. Ṣọ́bìrì sábà máa ń wà ńbẹ̀ fún ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ jìnnà sílé, ẹ jìnnà sódò, ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ bò ó. Èmi ò ní purọ́, gàrí ni mo gbé lọ, mo se omi odò, mo gbé e síta díẹ̀, ló bá tutù bíi ti fíríìjì.

Tẹ́nì kan bá wọlé lóru pẹ̀lú aṣọ tútù, ẹ sún fún un.