Bí mo ṣe kó oyin inú àmù ìyá àgbà sí àpótí

Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti papò dà ni àmù wọn ti dojú délẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ibi tí etí rẹ̀ ti fọ́ ni oyin gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra kẹrosíìnì tí wọ́n fẹ́ fi sun wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di Sátidé." Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n bí oyin bá ta ewúrẹ́ wọn pa, èmi ni n ó san án.

Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lésìí, ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo da oyin sínú àpótí, n kò wá ayaba wọn, ìyá tó ń yé ẹyin fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti kó lọ, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nínú afárá. Ó dùn mí wọra. Oyin ilẹ̀ wa kì í pẹ́ ṣí kúrò níbi tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ayaba ni mo gbájú mọ́.

Káfíńtà kan àpótí fún mi, ó to igi pẹlẹbẹ sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 32, kí oyin lè mọ afárá kan sábẹ́ igi kan. Mo fi ìda pa abẹ́ igi, mo fi ewé tíì ra inú àpótí. Òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin fi ń pe ara wọn.

Ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ti kó ewúrẹ́ jìnnà. Mo wọ aṣọ funfun, àwọ̀n ojú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò. Mo fẹ́ èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ wọ inú àmù, mo ní sùúrù díẹ̀. Bí èéfín bá kan oyin, ṣe ni wọ́n máa ń sáré mu oúnjẹ inú afárá, èyí tó bá sì yó kì í fẹ́ jà púpọ̀. Mo gbé etí àmù sókè, mo fi tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọ̀rá pupa wé yẹ inú rẹ̀ wò, torí ojú oyin kì í rí pupa. Bí afárá ṣe tò ni mo ṣe yí àmù. Ká ní mo dábùú wọn ni, wọn ì bá wó lu ara wọn.

Afárá méje ni mo gé. Èyí tó ní ọmọ, mo fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ igi. Oyin fúnra wọn á gé aṣọ náà dànù tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán. Èyí tó kún fún oyin lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má baà kán sílẹ̀ kí èèrà tọ̀ ọ́ wá. Níbi ẹ̀karùn-ún, ọ̀kan ta mí lọ́rùn ọwọ́. Òórùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n gba afẹ́fẹ́ kan: ìpè ogun wọn nìyẹn. Mo yára fẹ́ èéfín sójú ibẹ̀.

Ayaba kò sí lórí afárá kankan. Àyà mi já. Ìsàlẹ̀ àmù ni mo ti rí i láàárín oyin tó ṣù jọ, ikùn rẹ̀ gùn, ìyẹ́ rẹ̀ kò bò ó dé ìdí. Mo rọra darí rẹ̀ wọ inú rólà irun onírọ́bà tí mo tọrọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo dí ẹnu méjèèjì, mo sì fi kọ́ sáàárín afárá ọmọ. Ojú ihò rólà ni wọ́n á ti máa bọ́ ọ.

Mo gbé àpótí sí ojú ibi tí àmù wà gan-an. Láìpẹ́, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń fẹ́ ìyẹ́ láti pe àwọn tó kù. Inú mi dùn dé ìdí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a fi àwọ̀n dí ẹnu ọ̀nà, a gbé wọn lọ sóko, ó ju kìlómítà 5 lọ. Bí kò bá jìnnà tó, àwọn tó ń jáde wá oúnjẹ á padà síbi àmù. A ki ẹsẹ̀ tábìlì wọn bọ agolo ọ́ìlì àlòkù nítorí ìjàlọ.

Ọjọ́ kẹta ni mo tú ayaba sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá mo gbé igi kan sínú oòrùn: ẹyin funfun tínńtín, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Ẹyin oyin kì í ju ọjọ́ 3 lọ kó tó pa. Ayaba ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń yé.