Ẹ Má Rán Ọmọ Lọ Tọ̀: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Méjì fún Ọmọ Tí Kì í Tọ̀ Tán

Àwọn òbí ti ń mú àkọsílẹ̀ ìtọ̀ ọmọ wọn wá fún wa ní ilé ìwòsàn báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣí i, ọmọ tọ̀ ní aago mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, méjì, bí ẹni pé aago ló wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ìyá ló ń rán an lọ. Ìṣe ìyá la kà níbẹ̀, a ò rí ti ọmọ.

Ní ọjọ́ méjì tí ẹ ó fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "lọ tọ̀". Ẹ má dín omi rẹ̀ kù, ẹ má sì fi kún un. Ẹ yan ọjọ́ tí kò sí ilé-ìwé. Kò pọn dandan kí wọ́n tẹ̀ léra. Ife tí wọ́n fàmì mílílítà sí lára ni kí ẹ lò, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ kọ aago, iye ìtọ̀, iye omi tó mu, àti ìgbà tí pátá bá rin, bó ṣe ẹ̀kán méjì péré. Ti ìgbẹ́, ọjọ́ méje ni. Àwọn kan á ní ìtọ̀ làwọn bá wá. Ìgbẹ́ tó dì sínú máa ń ti àpò ìtọ̀, ẹ ṣáà kọ ọ́.

Láti mọ iye ìtọ̀ tó yẹ kí àpò ìtọ̀ ọmọ gbà, ẹ fi 1 kún ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30: ọmọ ọdún 7, mílílítà 240. Ó dé ọdún 12, 390. Ìtọ̀ àkọ́jí kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí méje lójúmọ́ dára; ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kéré jù, ẹ̀ẹ̀mẹjọ pọ̀ jù.

Ọmọbìnrin tó ń sáré kiri, tó ṣàdédé lóṣòó, tó fi gìgísẹ̀ ti abẹ́, tí kò mira mọ́: ìtọ̀ ló ń mú mọ́ra. Ẹ má nà án. Ẹ kọ aago sílẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń tọ̀. Ṣé geere ni, àbí ó ń dá, ó ń tún bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń fipá tì í? Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan tó bá jókòó. Ọmọ tó ti bàlágà ni kó kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ní ilé ìwòsàn, yóò tọ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ń jáde, a ó sì fi scan (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) wo ìtọ̀ tó kù nínú àpò láàárín ìṣẹ́jú 5 tó bá tọ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Tó bá ń ju mílílítà 20 lọ lemọ́lemọ́ lára ọmọ ọdún 4 sí 6, tàbí 10 lára ọmọ ọdún 7 sí 12, kò tọ̀ tán nìyẹn. Ẹ má sì ní kó mú un mọ́ra láti ilé títí yóò fi máa sunkún kó tó dé: àpò tó kún àkúnjù á parọ́ fún wa.

Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ méjì: ìtọ̀ tó kọ̀ láti jáde tí ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dun ọmọ, ibà pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹsẹ̀ tó ń rọ. Bákan náà, ẹ tètè mú ọmọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti kékeré wá, ọmọbìnrin tí tirẹ̀ ń kán ṣáá láìdá, àti ọmọ tó ní irun tàbí ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn.

Ìwé tí ẹ kọ gan-an ni kí ẹ mú wá. Ẹ má tún un kọ kó lè mọ́.