Bẹ́ ẹ ṣe máa tọpa àìsàn ọkàn tó ń rìn nínú ẹbí yín

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru o, torí òun ló ń ba ọkàn jẹ́ jù lọ́dọ̀ tiwa. Àmọ́ tí kì í bá ṣe òun, tọ́mọ ìyá méjì mẹ́ta ń ṣe irú àìsàn kan náà ńkọ́?

Inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn ní òpó àti okùn tó ń gbé e ró, purotéènì ni wọ́n. Èyí tó tóbi jù lára èèyàn ń jẹ́ titin, iṣẹ́ ẹ̀ dà bíi ti rọ́bà ìdí ṣòkòtò: ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó nà, ó tún sún kì. Tí jíìnì ẹ̀ (ìlànà àjogúnbá tí ara fi ń ṣe é) bá já lágbedeméjì, ọkàn lè kàn máa fẹ̀ ṣáá bí ìgbà tí rọ́bà yẹn dẹ̀, dókítà ń pè é ní dilated cardiomyopathy. Ìwádìí kan lọ́dún 2012 rí i pé nínú àwọn ẹbí tó ní in, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé titin ló fà á.

Ẹ mú bíró, ẹ lọ bá ìyá àgbà. Ẹ má bi wọ́n pé "àìsàn wo ló pa bàbá?", ayé ni wọ́n máa ní ó ṣe é, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá wọn jiyàn. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, bóyá ìjókòó ló ń sùn torí kò lè mí tó bá dùbúlẹ̀, ta ló ṣubú lulẹ̀ tó kú láìtíì pé àádọ́ta, obìnrin wo ló dédé ń mí gúlegúle lẹ́yìn ìbímọ (titin wà nídìí tàwọn kan).

Òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ aláìsàn ni kó lọ ya echo (àwòrán ọkàn) àti ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù), kì í ṣe gbogbo agboolé, torí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá 50 nínú 100 láti jogún ẹ̀. Tó bá mọ́ lónìí, ẹ tún un yà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó lè pẹ́ kó tó yọjú.

Tówó àyẹ̀wò jíìnì bá wà, ara aláìsàn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o! Tí ẹ ò bá tíì mọ ibi tí tiẹ̀ ti já, kí lẹ fẹ́ wá lára ẹni tára ẹ̀ le?

Ẹni tí wọ́n bá sì rí i lára ẹ̀, kó jìnnà sí ògógóró, ó máa ń jẹ́ kí ọkàn irú wọn tètè rẹ̀.