Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Gíà Yín Run

Nínú ohun tó ń yí lára kẹ̀kẹ́ orí òkè, ṣéènì wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù. Síbẹ̀ òun làwọn èèyàn ń ṣahun sí, títí yóò fi ba gíà ẹ̀yìn jẹ́, èyí tí owó rẹ̀ sábà máa ń ra ṣéènì bíi mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, irú ìṣúnwó wo nìyẹn?

1. Ẹ ń dúró dìgbà tí yóò máa fò kúrò lórí eyín gíà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọ̀rọ̀ ti kọjá ṣéènì nìkan. Wọ́n máa ń ní ó "ti fà", bí ẹni pé rọ́bà ni. Irin rẹ̀ kò fà. Pínnì inú ojú kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àwọn ègé tí wọ́n so pọ̀ di ṣéènì) ló ń ha ibi tó ti ń yí, tí méjèèjì sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Nínú ṣéènì tuntun, láti àárín pínnì kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ínṣì, ìyẹn 12.7 mm, ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n sì fi gé eyín gíà. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá fi bí irun orí gùn sí i, ṣéènì á máa gun eyín lọ sókè dípò kó jókòó sísàlẹ̀. Eyín díẹ̀ ni yóò wá máa ru gbogbo ẹrù, wọn á sì jẹ títí wọn á fi bá ṣéènì gígùn yẹn mu. Ìgbà yẹn lẹ wá lọ ra tuntun! Ẹ dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ó fò, pàápàá lórí gíà tí ẹ máa ń lò jù, ẹ ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ṣéènì tuntun kò ṣẹ̀ yín o. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló ṣẹ̀ yín.

2. Ẹ ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fi rúlà irin wọ̀n ọ́n nígbà tó bá le, kì í ṣe ibi tó ti dẹ̀. Ẹ fi òdo rúlà sí àárín pínnì kan, kí ẹ ka ojú 24. Bó bá jẹ́ tuntun, àárín pínnì tó kẹ́yìn yóò bọ́ sórí 12 ínṣì géérégé. Bó bá fi 1.5 mm kọjá, ó ti jẹ tó 0.5%: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí iye gíà ẹ̀yìn yín bá jẹ́ 11 tàbí 12. Bó bá jẹ́ 10 sí ìsàlẹ̀, ẹ lè dúró dé 0.75%, ìyẹn nǹkan bíi 2.3 mm. Tó bá ti kọjá 3 mm, ó ti wọ 1%, gíà náà sì ti ń bá a lọ.

Gééjì, ìyẹn irin tí wọ́n ṣe fún wíwọn ṣéènì, rọrùn ju rúlà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti rólà méjì (òrùka kékeré tó ń yí lórí pínnì) síta, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Àyè tó ṣófo nínú rólà á wá wọnú ìṣirò, ṣéènì tí kò tíì gbó á sì dà bí èyí tó ti gbó. Èyí tó ń ti rólà méjèèjì sí ìhà kan náà ni kí ẹ rà.

3. Ẹ ń fi kìlómítà nìkan ṣírò ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn kì í ka kìlómítà.

Ìkẹrin ni àbí ìkarùn-ún, ẹ má bá mi kà á mọ́. Ẹ yé na ṣéènì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó láti mọ ibi tí ẹ máa gé. Ṣéènì olójú 116 tó ti jẹ 1% ti fi ohun tó ju ojú kan lọ gùn sí i. Ẹ ka ojú. Bí kò bá sì dá yín lójú pé ti tẹ́lẹ̀ péye, ẹ wé tuntun mọ́ gíà tó tóbi jù níwájú àti lẹ́yìn, láìkọjá nínú apá tó ń yí gíà, kí ẹ fi iye ojú tí ẹni tó ṣe gíà náà sọ kún un. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní sípíríǹgì lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ṣéènì ti máa ń le jù.

Ẹ má fi pẹtiróò fọ ṣéènì tuntun. Gírísì inú rẹ̀ ni ẹ ń fọ̀ dànù.

Ẹ má da ọ́ìlì lé ẹrẹ̀ lórí. Ẹ nù ún, ẹ kán ọ́ìlì sí rólà kọ̀ọ̀kan, ẹ tún nu ìta rẹ̀.

Ojú ìsopọ̀, ìyẹn èyí tí ẹ fi ń so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀, gbọ́dọ̀ bá iye gíà yín mu. Ọ̀pọ̀ ti gíà 11 àti 12, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ẹ lò ó. Ẹ gbé e sí apá òkè ṣéènì, ẹ di bíréèkì ẹ̀yìn mú, kí ẹ tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ títí yóò fi ró kọ́.

Bí ṣéènì bá ti kọjá 1% jìnnà, tí eyín iwájú sì ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ má fi ṣéènì tuntun ṣòfò. Ẹ gun gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kú, kí ẹ wá pààrọ̀ wọn pọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jókòó dán gíà kọ̀ọ̀kan wò lórí ilẹ̀ títẹ́ kí ẹ tó dìde dúró lórí pẹ́dàlì níbi gíga. Bó bá ń fò lórí gíà kan tàbí méjì péré, eyín wọn ti jẹ. Bó bá ń fò lórí gbogbo gíà, tó ń ṣe é ní àlàfo kan náà, ojú kan ló le. Ẹ wá a rí, ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí ẹ so ó pọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dẹ̀.