Bí ẹ ṣe lè fi ìdérí agolo mílíìkì dán àbá wò

Àwọn àgbà ní àbá ní í di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi nítòsí Ẹnuwá, ní Ifẹ̀ níbí, kì í ṣojo rárá. Yíyẹ àbá wò kó tó di òótọ́ ni wàhálà wọn.

Ẹ gbé ìdérí agolo mílíìkì lé ìwé, kí ẹ fi báírò yí i ká. Ẹ ṣe àmì méjì sí etí òbìrí náà, kí ẹ fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Inú rẹ̀ ti pín sí abala 2. Ẹ fi àmì kẹta kún un, kí ẹ so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra: 4. Àmì mẹ́rin á fún yín ní 8, márùn-ún á fún yín ní 16. (Ẹ má to àwọn àmì náà dọ́gba-dọ́gba o, torí ìlà mẹ́ta kò gbọdọ̀ pàdé lójú kan. Bí wọ́n bá pàdé, abala kan á sọnù.)

Àmì mẹ́fà ńkọ́? Ẹni tó bá ní 32 ti dá àbá: ohun tó ti rí ló mú un sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò tíì rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo fi lè bà á jẹ́: "Bí a bá fi àmì kan kún un, iye abala á di ìlọ́po méjì." Ẹni tó ní "ó jọ pé ó máa ń pọ̀ sí i" kò tíì dá nǹkan kan.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì, èmi fúnra mi kọ 32 sójú pátákó láì yàwòrán. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan mú ìwé rẹ̀ wá, ó ti kọ nọ́ńbà sínú abala kọ̀ọ̀kan wínníwínní. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. 31 ni." Mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á. 31 ni lóòótọ́. Ojú tì mí.

Èmi nìkan kọ́ ló ṣe. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rò pé prime ni 3, 5, 17, 257, 65537 àti gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé wọn lọ́nà kan náà (ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi èyí tó kù lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ fi 1 kún un), ìyẹn ni pé wọn kò ṣeé pín dọ́gba àfi fún 1 àti fún ara wọn. Ní 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé èyí tó kàn gan-an, 4294967297, jẹ́ 641 lọ́nà 6700417.

Nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí, Karl Popper ní iṣẹ́ wa ni ká dá àbá láìbẹ̀rù, ká sì máa wá ohun tí á wó o lulẹ̀; èyí tí kò tíì wó kò tíì kúrò ní àbá. Nínú ìṣirò, ẹ̀rí lè parí ọ̀rọ̀. Kíkà lásán kò lè parí rẹ̀.

Ẹ wo èyí tó wá láti inú lẹ́tà tí Goldbach, onímọ̀ ìṣirò kan, kọ sí Euler ní 1742: gbogbo nọ́ńbà tó ju 2 lọ tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba jẹ́ prime méjì tí a rò pọ̀. Kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò dé bílíọ̀nù mẹ́rin lọ́nà bílíọ̀nù kan, kò rí èyí tó yapa. Síbẹ̀, àbá ni. Ẹ fi 30 bẹ̀rẹ̀: 7 àti 23. Ó ku ọ̀nà méjì. Ẹ wá wọn.