Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yan òkun tí a ó ti mòòkùn

Èkìtì kò ní etíkun. Ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ mòòkùn láàárín òkìtì iyùn (ẹ̀dá abẹ́ òkun tó ń kọ́ òkìtì bí òkúta) ní láti rin ìrìn-àjò jínjìn, owó gidi sì ni yóò ti ná kí omi tó kàn án lẹ́sẹ̀. Ó ń dùn wá pé àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ fi ń yan ibi tí wọ́n ń lọ. Omi aró, ẹja aláràbarà, wọ́n ti sanwó nìyẹn. Oṣù tí ẹ fẹ́ lọ, ibi tí ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn yín gbà yín láyè dé, àti bí ìṣàn omi ibẹ̀ ṣe le tó ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má rò pé ibi tó jìn jù ló dára jù. Àṣìṣe yìí ló ń jẹ owó jù. Great Blue Hole ní Belize lórúkọ káàkiri ayé: ihò náà fẹ̀ tó 300 mítà, ó sì jìn ju 120 mítà lọ. Ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn òkúta tó so rọ̀ bí ọmú ewúrẹ́, wà ní nǹkan bí 40 mítà, níbi tí òpin amòòkùn ìgbafẹ́ wà. Iyùn àti ẹja kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Open Water, tí amòòkùn kọ́kọ́ ń gbà, kò kọjá 18 mítà; ti Advanced, tó tẹ̀ lé e, kò kọjá 30.

Ẹ ṣírò atẹ́gùn yín kí ẹ tó yan ibi jíjìn. Sílíńdà tó wọ́pọ̀ gba líta 11, wọ́n sì máa ń rọ ọ́ dé 200 bar (bar ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe fún tó). Ká ní ẹ ń mí líta 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ní 10 mítà, yóò di 40. Ní 30 mítà, yóò di 80, nítorí pé bí omi ṣe ń tẹ̀ wá ń pọ̀ sí i ní gbogbo 10 mítà. Ẹ fi 50 bar pamọ́ fún ìpadàbọ̀, ó ku 150. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 11, ó jẹ́ líta 1,650. Ní 10 mítà, ìyẹn á gbé yín fún bí ìṣẹ́jú 41. Ní 30 mítà, ogún ìṣẹ́jú péré ni. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ló ń bọ́ iyùn, nítòsí ojú omi ló ti ń gbilẹ̀ jù, àwọ̀ pupa sì ti ń ṣá kí ẹ tó dé 10 mítà. Ní tiwa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí yóò rí ohun tó pọ̀ ní Mnemba, lẹ́bàá Zanzibar, tàbí ní Bonaire, erékùṣù kan ní Caribbean, níbi tí ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ rìn wọnú omi láti etíkun, ju ní ihò Belize lọ.

Ẹ má fi oṣù ṣeré. Ní Zanzibar, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Ní Thailand, wọ́n máa ń ti erékùṣù Similan pa láti àárín oṣù karùn-ún títí di àárín oṣù kẹwàá. Hanifaru Bay ní Maldives ni ẹja manta (ẹja pẹlẹbẹ ńlá) ti ń péjọ nígbà ìjì ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ṣùgbọ́n wọn kò gba sílíńdà láyè níbẹ̀ rárá. Ojú omi lẹ ó ti máa wò wọ́n. Ẹni tó ti dé Ìkógòsì mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù lè ṣàn pàdé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn erékùṣù Galápagos rí: ìlà agbede-méjì ayé gba ibẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ìṣàn omi tútù lè mú kí omi ibẹ̀ tutù dé ìsàlẹ̀ 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Aṣọ ìmòòkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní gbà yín níbẹ̀.

Ìṣàn omi ńkọ́? Komodo ní Indonesia, Pemba ní Tanzania àti Blue Corner ní Palau lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ a máa gbé ènìyàn lọ. Ẹ má fi mímòòkùn mẹ́rin tí ẹ ṣe nílé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Thistlegorm náà, ọkọ̀ ojú omi tó rì sínú Òkun Pupa ní 1941, sún mọ́ 30 mítà ní ìsàlẹ̀; ti ẹni tó ní Advanced ni.

Ní ti owó, ẹ béèrè bóyá yíyá ẹ̀rọ, owó ọgbà ìjọba àti owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú iye tí wọ́n pè, kí ẹ sì fi iye ìgbà tí ẹ ó mòòkùn pín gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá fi odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Adó dánra wò gbọ́dọ̀ tún òjé tó ń so mọ́ra kó lè rì wọ̀n nígbà tó bá dé òkun. Omi iyọ̀ ń gbé ènìyàn léfòó jù. Bí ẹ̀yin àti ẹrù yín bá jẹ́ kílò 100, ẹ ó fi bíi kílò méjì ààbọ̀ kún un. Ẹ dúró lóòró lójú omi, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì ìmòòkùn dànù, ẹ mí sínú díẹ̀: omi gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú yín. Bí ẹ bá mí síta, kí ẹ rọra rì. Bí sílíńdà bá kún nígbà ìdánwò náà, ẹ fi kílò méjì sí i, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ti ń tán ni sílíńdà ń fúyẹ́. Òjé tó bá pọ̀ jù yóò fa ẹsẹ̀ yín sílẹ̀, ẹ ó sì máa fi ẹsẹ̀ fọ́ iyùn tó ti pẹ́ ju àwọn bàbá ńlá yín lọ.

Oṣù Ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ ń rìnrìn-àjò, ọyẹ́ ti dé Èkìtì nígbà náà, ọ̀fìnkìn sì ti dí imú. Ẹ má fi oògùn ọ̀fìnkìn tipátipá wọ omi. Bí agbára rẹ̀ bá tán nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú etí kò ní ríbi jáde bí ẹ bá ń gòkè. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, láti mítà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti di imú mú, kí ẹ rọra fẹ́ ẹ, kí etí tó dùn yín. Bó bá dùn, ẹ gòkè díẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ mòòkùn. Kí AS kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ mòòkùn kó tó kọ oògùn ibà fún yín, torí mefloquine lè mú òòyì wá, òòyì sì wà lára àmì àìsàn abẹ́ omi. Abẹ́rẹ́ yẹ́lò kaàdì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra.

Àṣìṣe tó léwu jù ń bẹ nígbà ìpadàbọ̀. Nitrogen, tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, máa ń wọ ara nísàlẹ̀, ó sì nílò àkókò láti jáde; bí ẹ bá tètè gòkè jù, ó lè hó bí ìfófòó nínú ara, ohun tó ń fa àìsàn abẹ́ omi nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dúró ó kéré tán wákàtí 12 kí ẹ tó wọ bàálù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, wákàtí 18, 24 sì dára jù. Bàálù láti Èkó sí Àkúrẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Adó fúnra rẹ̀ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 400 mítà, àwọn amòòkùn sì ti ń ka ohunkóhun tó bá kọjá 300 mítà sí ibi gíga.

Bí oríkèé bá wá ń dùn yín nígbà tí ẹ délé, tàbí ara ń kú tipiri, ẹ má pè é ní làkúrègbé, ẹ má sì fi àdí àgbọn wọ́ ọ. Ẹ dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti lè fún yín ní ọ́síjìn tí kò lábùlà, kí wọ́n sì pe DAN (Divers Alert Network, àjọ tó ń ran amòòkùn lọ́wọ́) tàbí iléeṣẹ́ ìdójútòfò yín láti mọ ibi tí yàrá hyperbaric, yàrá atẹ́gùn fífún tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn abẹ́ omi, tó sún mọ́ jù wà. Ẹ sọ fún dókítà pé abẹ́ òkun lẹ ti ń bọ̀, bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, àti wákàtí tí ẹ jáde kẹ́yìn.